Ìyá Tóbi, fọ́ọ̀mù kan ló kù

Ìyá Tóbi mi,

O ti máa rò pé mo gbàgbé rẹ. N kò gbàgbé o, fọ́ọ̀mù ni kò jẹ́ kí n rímú mí. Láti ọjọ́ 1 oṣù kẹwàá tí FAFSA, fọ́ọ̀mù tí a fi ń bèèrè ìrànwọ́ owó yunifásítì lọ́wọ́ ìjọba Amẹ́ríkà, ti ṣí ni oorun ti dá lójú mi. Mo ti yọ eyín tó ń dà mí láàmú. Mo rí fọ́tò ìgbéyàwó Tóbi, kú ìnáwó. Aṣọ yẹn yẹ ọ́ ju ìyàwó lọ.

Ọ̀rọ̀ yunifásítì tí Mọyọ̀ fẹ́ lọ ni mo fẹ́ sọ. Gbogbo ẹni tó bá rí mi ní ṣọ́ọ̀ṣì ló ń ní, "Ìwọ ò ní sanwó, ọmọ rẹ mọ̀wé jù." Màá ní àmín. Irọ́ ni o, ọ̀rẹ́ mi. Yunifásítì Yale tí ọkàn ọmọ yìí wà, wọn kì í torí pé ọmọ mọ̀wé fún un ní kọ́bọ̀. Harvard kì í fúnni, Princeton kì í fúnni. Gbogbo ẹni tó débẹ̀ ló ṣe ipò kìíní níbi tó ti wá, ta ni wọ́n fẹ́ fún tí wọn ò ní fún ìkejì? Ọwọ́ òbí ni wọ́n ń wò. Bí kò bá sí nǹkan lọ́wọ́ rẹ, wọ́n á gbé ẹrù náà nílẹ̀ fún ọ. Bí o bá ní díẹ̀, wọ́n á ní kí o mú un wá. Èmi tí mò ń fi iṣẹ́ òru kún tọ̀sán, mo wá dolówó!

Yunifásítì kọ̀ọ̀kan ló ní ibi tí wà á ti tẹ iye tó ń wọlé fún ọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí yóò sì sọ iye tí o máa san lọ́dún kan. Òfin ló ní kí wọ́n fi síbẹ̀. Lálẹ́ Sátidé a jókòó tì í lórí bẹ́ẹ̀dì mi. Nígbà tí ti ilé ìwé kan jáde, mo ní kí Mọyọ̀ pa á rẹ́ kó tún un tẹ̀, mo ṣe bí òdo kan ló lé. Òdo ò lé. Ẹ̀yáwó ìjọba tó tọ́ sí ọmọ fúnra rẹ̀ lọ́dún àkọ́kọ́ ò sì ju dọ́là 5,500 lọ. Ó yí kọ̀ǹpútà kúrò níwájú mi díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ fi abọ́ tó fọ́ pamọ́, ó ní, "Mọ́mì, ẹ jẹ́ ká wo Yunifásítì Alabama." Lọ́hùn-ún, GPA, ìyẹn máàkì ilé ìwé, àti SAT, ìdánwò ìwọlé yunifásítì, ni wọ́n ń wò fún sikọ́láṣíìpù tiwọn, wọn ò bèèrè ohun tí ìyá ẹni ń gbà. Alabama ò burú o! Èmi ni mo fẹ́ ẹ. Òun ò fẹ́ ẹ, àánú mi ló ń ṣe é.

Olùkọ́ tó ń tọ́ wọn sọ́nà ní kó fi Early Decision, ìyẹn fọ́ọ̀mù ìwọlé tí wọ́n ń tètè dá lóhùn, gba ibòmíràn, pé á tètè wọlé. Mo ní ó tì. Ìyẹn á dè é mọ́ ibì kan, kò ní lè fi owó tí ibí fún un wé tọ̀hún. Èmi tí mò ń ná bàtà, màá wá ra yunifásítì láìná?

Ó ku ohun kan tí mo ti ń yí po. FAFSA, èmi nìkan ni mo kọ ọ́, torí bí òbí bá ti pínyà, ẹni tó náwó lé ọmọ lórí jù láàárín oṣù 12 tó kọjá ni wọ́n fẹ́. Ṣùgbọ́n CSS Profile, fọ́ọ̀mù ìrànwọ́ owó mìíràn tí Yale ń gbà, wọ́n fẹ́ ti bàbá náà. Pé bàbá kọ̀, wọn ò kà á sí àwíjàre. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Mọyọ̀ ti kọ̀wé sí i lórí fóònù. Ó kà á, kò fèsì.

Mo mọ ohun tí mo búra lọ́jọ́ ìsìnkú Màmá, pé n kò tún ní fi ọ̀rọ̀ àwa méjèèjì lọ̀ ọ́ láé. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n rẹ ni. Jọ̀ọ́, bá mi bá a sọ̀rọ̀. Sọ fún un pé àkáǹtì tirẹ̀ lọ́tọ̀ ni yóò fi kọ ọ́, n kò ní fojú kan iye tó ń gbà. Ìwé owó orí àti ti báńkì ni kó wá sílẹ̀. Má sọ pé èmi ni mo rán ọ. Má sọ pé Mọyọ̀ ni náà, kò mọ̀ pé mò ń kọ̀wé sí ọ.

Bó bá pariwo, jẹ́ kó pariwo tán. Kó jẹun tán kí o tó dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀, o ṣáà mọ̀ ọ́n.

Èmi ni tìrẹ,
Ìyá Mọyọ̀