"A dúpẹ́" tí àwọn àgbà ń sọ ní ọsibítù kì í ṣe irọ́

Olóòtú,

Mo kí yín kú iṣẹ́. Mo ka lẹ́tà tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan kọ sí yín nípa àwọn arúgbó tó ń lọ gba ìtọ́jú. Ó ní òpùrọ́ ni wọ́n, pé bí dókítà bá bi wọ́n bí ara ṣe rí, wọ́n á ní kò sí nǹkan kan, títí àìsàn á fi wọ̀ wọ́n lára. Inú mi ò dùn sí "òpùrọ́" yẹn rárá. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì, wọ́ọ̀dù àwọn àgbàlagbà ni wọ́n sì máa ń fi mí sí jù. Ẹ jẹ́ n sọ ohun tí mo mọ̀.

Bí nọ́ọ̀sì bá sọ fún bàbá tó ti lé ní àádọ́rin ọdún pé, "Bàbá, ara ńkọ́?", tí bàbá sì ní, "A dúpẹ́ o," ìkíni ni wọ́n dáhùn. Wọn ò tíì dé orí àìsàn. Àgbà kì í to àìsàn rẹ̀ sílẹ̀ lórí ìdúró nígbà tí wọn ò tíì kí ara wọn tán. Ṣùgbọ́n ọmọ tó di bírò mú ti kọ ọ́ sínú fáìlì pé ara bàbá le, ó ti pe ẹni tó kàn. Èwo ni irọ́ níbẹ̀?

Wọ́n tún kọ́ àwọn ọmọ wa láti máa béèrè pé: láti 0 dé 10, mélòó ni ìrora yín? Ìbéèrè tó dára ni fún ẹni tó mọ̀ ọ́n dáhùn. Màmá kan tí orúnkún wọn ti wú gbẹ̀ǹdẹ̀kẹ̀ dáhùn lójú mi pé, "Ọba Òkè á ṣàánú." Nọ́ńbà wo ni wọ́n fẹ́ kọ síyẹn? Èmi bi wọ́n pé: Ìyá, ṣé ẹ rí oorun sùn lóru àná? Ta ló ń bá yín pọn omi báyìí? Ìgbà wo lẹ lọ sọ́jà kẹ́yìn? Ìgbà náà ni wọ́n tó sọ pé àwọn ò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì mọ́ láti ọdún Àjíǹde, nítorí àtẹ̀gùn ibẹ̀. Ìyẹn ju nọ́ńbà lọ.

Èyí tó máa ń dùn mí jù ni ọ̀rọ̀ ẹnu ọ̀nà. Bàbá á jókòó, wọ́n á ro ẹjọ́ ẹ̀yìn ríro, dókítà á kọ oògùn, wọ́n á dìde, wọ́n á mú fìlà. Ìgbà tí ọwọ́ wọn bá kan ilẹ̀kùn ni wọ́n á yíjú padà: "Ó ku nǹkan kékeré kan o." Nǹkan kékeré yẹn gan-an ló gbé wọn wá: ìtọ̀ tí wọn ò lè mú dúró mọ́, tàbí ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n rí nínú ìgbọ̀nsẹ̀. Ẹ̀yìn ríro ni wọ́n kọ́kọ́ fi dán dókítà wò, bóyá ẹni tó ṣe é finú hàn ni. Bí wọ́n bá sì ti pe ẹlòmíràn wọlé, wọ́n á gbé e padà sílé. Nígbà mìíràn ìyàwó ọmọ ló mú wọn wá, wọn ò sì ní la ẹnu sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lójú rẹ̀ láéláé. Ẹ rán ìyàwó náà lọ síbi tí wọ́n ti ń sanwó ná, ẹ ó gbọ́ ọ̀rọ̀.

Gbogbo àgbà kọ́ ló rí bẹ́ẹ̀ o. Ìyá aláta kì í fi ọ̀rọ̀ bọpobọyọ̀, wọ́n á ti sọ tiwọn kí wọ́n tó jókòó. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì á mú ìwé tí wọ́n kọ ọ́ sí wá. Àwọn tí mi ò lè gbà fún ni àwọn ọmọ tó ń gba ọ̀rọ̀ sọ lẹ́nu òbí: wọ́n ń bá dókítà sọ Gẹ̀ẹ́sì, bàbá tó ni àìsàn ń wo àjà.

Ní Abẹ́òkúta wa níbí, Dókítà Adéoyè Lámbò ti fi ọ̀nà hàn wá láti ọdún 1954 tí wọ́n ti dé Aro, ilé ìwòsàn àwọn aláìsàn ọpọlọ. Wọn ò há gbogbo aláìsàn ọpọlọ mọ́ wọ́ọ̀dù. Wọ́n fi wọ́n wọ̀ sílé àwọn ará abúlé ìtòsí, ẹbí a sì tẹ̀lé aláìsàn wá. Wọ́n pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ mọ́ra pẹ̀lú. Ẹni tó bá ní "orí mi ń gbóná" tàbí "nǹkan ń rìn lára mi" wà láàárín àwọn tó mọ ohun tó ń sọ. Ẹni tó di igbákejì ọ̀gá àgbà Àjọ Ìlera Àgbáyé lẹ́yìn náà ni mo ń wí, kì í ṣe ẹni tí kò mọ ìṣègùn òyìnbó.

Mi ò di gbogbo ẹ̀bi ru àwọn nọ́ọ̀sì kéékèèké. Èrò kún ìta, ọwọ́ wọn ò tó. Kí àwọn àgbà náà mọ̀ pé bí ọmọ bá béèrè pé, "Ṣé ẹ ti tọ̀ lónìí?", kì í ṣe àfojúdi, iṣẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe.

Ẹ bá mi bẹ àwọn tó ń darí ilé ìwé nọ́ọ̀sì: kí wọ́n jẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jókòó ti nọ́ọ̀sì àgbà ní wọ́ọ̀dù àwọn arúgbó, kí wọ́n kàn máa gbọ́, láì kọ nǹkan kan. Kí wọ́n sì fi ìbéèrè kan kún ti inú fáìlì, èyí tí wọn yóò máa bi àgbà kó tó dìde: "Kí ló tún kù, Bàbá?" Ilé ìwé tó bá fẹ́ kí n wá ṣàlàyé, mo ṣe tán, mi ò ní gba kọ́bọ̀.

Èmi ni tiyín,
Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì,
Ìbarà, Abẹ́òkúta.