Àjọkẹ́, má tíì ra rédíò mọ́tò tuntun

Ilé-Ifẹ̀

Àjọkẹ́ ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ àtàwọn ọmọ. Ṣé dáadáa ni gbogbo yín wà ní Iléṣà? Màmá rẹ ní kí n kí ọ, ó sì ní kí n rán ọ létí pé kúlà oúnjẹ òun ṣì wà lọ́dọ̀ rẹ.

Mo ti gbọ́ ohùn tí o ká ránṣẹ́. Orin ń lọ lábẹ́, nǹkan kan wá ń han lórí rẹ̀, "hííííín", bí ẹ̀fọn tó sún mọ́ etí. Nígbà tí o tẹ tọ́rọ́tù, igbe náà ròkè. Nígbà tí o gbẹ́sẹ̀ kúrò, ó sọ̀ kalẹ̀. Bí ìgbín bá fà, ìkarahun a tẹ̀lé e. Ariwo tó bá ń bá ẹ́ńjìnì gòkè, tó ń bá a sọ̀ kalẹ̀, ọ̀dọ̀ alternator ló ti ń wá, ẹ̀rọ tí ẹ́ńjìnì ń yí láti fi ṣe iná fún bátìrì. Rewáyà tó ní rédíò ti bàjẹ́, kí o ra òmíràn, kò tíì wò ó débẹ̀. Bí o bá ra tuntun lónìí, ariwo yẹn yóò bá ọ wọ inú rẹ̀.

Kí o tó ná kọ́bọ̀, ṣe báyìí níbi tí o bá páàkì sí. Tan ẹ́ńjìnì. So fóònù mọ́ wáyà AUX, èyí tó ń gbé orin láti inú fóònù lọ sí rédíò, kí o sì so fóònù náà mọ́ ṣájà bí o ṣe máa ń ṣe. Dá orin dúró kí ariwo nìkan ṣẹ́kù. Wá fa ẹnu ṣájà yọ kúrò lára fóònù, má fọwọ́ kan nǹkan mìíràn. Bí ariwo bá dákẹ́ lójú ẹsẹ̀, ọwọ́ ti tẹ ẹ̀. Bí kò bá dákẹ́, fa wáyà AUX yọ kúrò lára rédíò fúnra rẹ̀. Bí ó bá ṣì ń han, a jẹ́ pé fóònù rẹ kò mọwọ́ mẹsẹ̀, wáyà ẹ̀yìn rédíò ni kí a lọ bá. Ọ̀kan lẹ́yìn ọ̀kan ni o ó máa yọ wọ́n o. Ẹni tó bá yọ méjì lẹ́ẹ̀kan náà kò ní mọ èyí tó ń pariwo nínú wọn.

Ojú mi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dá ṣájà lẹ́bi, mo sì fẹ́ kí o mọ ìdí rẹ̀. Nínú mọ́tò, irin ara mọ́tò ni iná máa ń gbà padà sí orí nẹ́gétíìfù bátìrì. Òun ni rewáyà ń pè ní ẹ́ẹ̀tì. Rédíò ní ẹ́ẹ̀tì tirẹ̀ lẹ́yìn dáṣíbọ́ọ̀dù; ihò tí o ń ki ṣájà bọ̀ ní tirẹ̀ níbòmíràn. Bí ẹ́ńjìnì bá ti ń ṣiṣẹ́, iná ibi méjèèjì kì í dọ́gba pátápátá. Ìyàtọ̀ náà lè má ju ìdá díẹ̀ nínú ẹgbẹ̀rún fóòtì kan, ṣùgbọ́n ó tó. Fóònù tó wà lórí ṣájà tó tún wà lórí AUX, ẹsẹ̀ kan ń bẹ níbí, ẹsẹ̀ kan ń bẹ lọ́hùn-ún. Nínú fóònù, ẹ́ẹ̀tì ṣájà àti ẹ́ẹ̀tì AUX ti so pọ̀. Iná bá rí ọ̀nà ẹ̀bùrú: ó gba inú ṣájà, ó gba inú fóònù, ó gba wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ bí àwọ̀n tó yí wáyà AUX ká, ó sì bọ́ sínú rédíò. Rédíò kò mọ̀ pé èyí kì í ṣe orin. Ohun tó bá gba ojú AUX wọlé, ó ń gbé ohùn rẹ̀ sókè ni.

Ohun tí ó mú kí ó máa han bẹ́ẹ̀ ni pé iná tó ń ti inú alternator jáde kì í tẹ́jú. Àwọn dáyóòdù inú rẹ̀ ń sọ ọ́ di iná bátìrì, àmọ́ ó ń ṣẹ́kù bí ìgbì kéékèèké. Bí ẹ́ńjìnì bá yára, ìgbì náà a yára, ohùn rẹ̀ a sì tínrín sókè.

Àtúnṣe tí kò ná ọ ní nǹkan kan ni pé kí o má ṣájì fóònù nígbà tí orin bá ń gba AUX jáde. Bí bátìrì fóònù bá ti fẹ́ tán, fi páwà báǹkì ṣájì rẹ̀. Ṣùgbọ́n má tún ki páwà báǹkì náà bọ ihò mọ́tò o, bí o bá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹsẹ̀ kejì ti padà sílẹ̀ nìyẹn.

Bí o bá fẹ́ máa ṣájì, kí o máa gbọ́ orin, ra ohun tí wọ́n ń pè ní ground loop isolator. Kò ju páálí ìṣáná lọ. Ẹnu 3.5 mm wà ní ìpẹ̀kun rẹ̀ kan, ihò 3.5 mm wà ní èkejì, àárín wáyà AUX àti rédíò ni wọ́n ń fi í sí. Tíránsífọ́mà kékeré méjì ló wà nínú rẹ̀, ọ̀kan fún ohùn òsì, ọ̀kan fún ohùn ọ̀tún. Ohùn ń fò kọjá láti ara wáyà kan sí èkejì láìjẹ́ pé wọ́n fara kanra, nítorí náà ẹ́ẹ̀tì kò rọ́nà gbà mọ́. Àlébù rẹ̀ ni pé ayédèrú rẹ̀ máa ń jẹ ohùn ìsàlẹ̀. Kí o tó sanwó, fi orin tó ní ìyá ìlù dùndún dán an wò. Bí ohùn ìyá ìlù bá rọ bí ẹni ń lu páálí, dá a padà fún wọn. Ṣọ́ra fún ẹni tó bá fẹ́ ta fíltà oníkọ́ìlì ńlá fún ọ, èyí tí wọ́n ń so mọ́ wáyà iná rédíò. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni ariwo tó ń gba wáyà iná 12 fóòtì wọlé. Èyí tí mo ń sọ yìí kò gbabẹ̀.

Ṣájà náà tún lè jẹ́ ọ̀daràn fún ara rẹ̀. Láti sọ 12 fóòtì di 5, ṣe ni ó ń gé iná pẹ́pẹ́pẹ́ lọ́nà ẹgbẹẹgbẹ̀rún ní ìṣẹ́jú àáyá kan, àwọn tí wọ́n ń tà ní ẹ̀bá títì kì í sì í ní ohun tó ń mú un tẹ́jú. Bí o ó ṣe dá tirẹ̀ mọ̀ ni pé kì í tẹ̀lé ẹ́ńjìnì. Pa ẹ́ńjìnì, fi kọ́kọ́rọ́ sí ibi tí rédíò nìkan ń ṣiṣẹ́. Bí fíín-fíín bá ṣì ń bẹ, tó sì ń yí padà bí o bá tan ojú fóònù, ṣájà ni kí o pààrọ̀.

O béèrè nípa Bluetooth. Bí rédíò bá ní Bluetooth tirẹ̀ nínú, lò ó, kí gbogbo wàhálà yìí tán, o sì lè máa ṣájì fóònù rẹ lọ. Èyí tí àwọn ènìyàn ń kó sí ni Bluetooth kékeré tó ń jẹ iná lójú USB mọ́tò, tó sì ń fi wáyà AUX gbé ohùn lọ sí rédíò. Ẹsẹ̀ méjì náà ló ní! Yóò han bí ti fóònù. Isolator kan náà ni yóò pa á lẹ́nu mọ́. Ẹni tó bá mọ bí wọ́n ṣe ń fi òjé jó wáyà pọ̀ lè fi ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń pè ní B0505S-1W sí ojú iná rẹ̀: 5 fóòtì wọlé, 5 fóòtì jáde, ẹ́ẹ̀tì ìwọlé kò sì kan ti ìjáde. Iná tó ń fúnni kò ju 200 mA lọ. Ó tó Bluetooth kékeré. Kò lè ṣájì fóònù, kí ẹnikẹ́ni má dán an wò.

Ti ẹ̀rọ kékeré tó ń gba orí FM gbé orin fóònù lọ sí rédíò, èmi kò fẹ́ràn rẹ̀. Orisun FM wà lórí 89.5, Great FM lórí 94.5, Uniq FM lọ́dọ̀ yín níbẹ̀ lórí 103.1. Ibi tó ṣófo ní Iléṣà lè má ṣófo mọ́ bí o bá fi máa dé Òṣú. Bí o bá gbọdọ̀ lò ó, wá nọ́ńbà tó ń ṣe ṣíí lásán ní Iléṣà àti ní Ifẹ̀ níbí.

Àwọn ariwo mìíràn ń bẹ tí o kò gbọdọ̀ kó pọ̀ mọ́ èyí. "Ta-ta-ta-ta" tó máa ń dún kí ìpè tó wọlé, nẹ́tíwọ́ọ̀kì 2G ni. Fóònù ń ju ìgbì nẹ́tíwọ́ọ̀kì jáde ní ìgbà 217 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, wáyà AUX ń gbé e. Sún fóònù kúrò nítòsí rédíò, má ká wáyà jọ sórí rẹ̀. Ìró pápá-pápá nígbà tí táyà bá kó sí kòtò, ẹnu wáyà AUX ti ń já nìyẹn, tàbí òwú àpò ti dí ihò fóònù. Igi ìtayín ni kí o fi yọ ọ́, má fi abẹ́rẹ́. Bí ohùn olórin bá pòórá tó jẹ́ ìlù nìkan lò ń gbọ́, ẹnu wáyà kò wọlé tán. Kéèsì fóònù tó nípọn ló sábà máa ń fà á. Ṣíí tí kì í dáwọ́ dúró sì rèé, fóònù ni o gbé fọ́lúùmù rẹ̀ sí ìsàlẹ̀ tí o wá yí ti rédíò dé òkè. Gbé ti fóònù dé bíi 80 tàbí 90 nínú ọgọ́rùn-ún, kí o wá fi rédíò ṣe ìyókù.

Bí ó bá wá jẹ́ pé o yọ AUX tí ariwo kò lọ, ẹ́ẹ̀tì rédíò ni kí o wò, wáyà dúdú. Nínú mọ́tò tòkunbọ̀ tí wọ́n ti pààrọ̀ rédíò rẹ̀, ìgbà púpọ̀ ni wọ́n kàn máa ń lọ́ ọ mọ́ bóòtù tí ojú bá kọ́kọ́ rí, tí wọ́n á fi téèpù wé e. Tan ẹ́ńjìnì, tan iná iwájú àti éèsì. Yí mítà tí wọ́n fi ń wọn iná sí fóòtì DC, fi ẹnu dúdú kan orí nẹ́gétíìfù bátìrì, fi pupa kan ara irin rédíò. Kò yẹ kó ju 0.1 fóòtì lọ. Bí ó bá ju bẹ́ẹ̀, pa ẹ́ńjìnì, tú orí nẹ́gétíìfù bátìrì kúrò, fi sáńpépà ha ọ̀dà ibi tí bóòtù wà títí irin yóò fi dán, fi wáyà tí kò gùn ju 50 cm lọ, tó ní òrùka lẹ́nu, dè é pinpin.

Má gbàgbé kí o wo bátìrì fúnra rẹ̀. Pẹ̀lú ẹ́ńjìnì ní títàn, DC rẹ̀ yẹ kó wà láàárín 13.8 sí 14.4. Yí mítà sí AC lórí bátìrì náà: bí ó bá ju 0.5 lọ, dáyóòdù alternator kan ti kú, isolator kò lè wo ìyẹn sàn. Fún ìyẹn, alternator gan-an ni wọ́n máa sọ̀ kalẹ̀.

Sọ fún ọkọ rẹ pé amplifáyà tó ń ronú láti rà yẹn, wáyà iná rẹ̀ tó nípọn kò gbọdọ̀ bá wáyà ohùn rìn pọ̀ lábẹ́ káápẹ́ẹ̀tì. Kí ọ̀kan gba ọwọ́ òsì, kí èkejì gba ọwọ́ ọ̀tún. Kí wọ́n sì pa rédíò kí wọ́n tó ki wáyà ohùn bọ ẹ̀yìn rẹ̀. Fíùsì kan wà nínú rédíò mìíràn tó tín-ín-rín bí irun. Bí ó bá jó, ariwo tí o ń sá fún yìí náà ni yóò máa ṣe.

Bí o bá ń bọ̀ ní Sátidé, mú ṣájà yẹn àti wáyà AUX dání. Mítà wà nílé. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tú rédíò kí o tó dé. Kúlà màmá rẹ náà o.

Èmi ni,
Bàbá rẹ