Ẹ Má Jẹ́ Ká Máa Da Àlíkọ́ọ̀lù sí Egbò Tó Ń Jiná

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú làálàá ìròyìn. Ojú ìwé ìlera yín ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá ló mú mi gbé bíírò. Ẹni tó kọ ọ́ ní kí a máa da àlíkọ́ọ̀lù sí egbò láràárọ̀ kí ó lè tètè gbẹ. Ọdún 31 ni mo fi di egbò fún àwọn ará Kétu kí n tó fẹ̀yìntì. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí dọ́kàn, nítorí èmi náà ti gbà á gbọ́ rí, mo sì ti fi kọ́ àwọn ọmọ tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi.

Gbígbẹ kọ́ ló ń mú egbò jiná. Àwọn sẹ́ẹ̀lì awọ ara (ẹyọ tíntìntín tó para pọ̀ di ara wa) tó wà létí egbò ló ń rìn wọ inú rẹ̀ láti gbogbo ẹ̀gbẹ́, títí wọn yóò fi pàdé láàárín. Ìrìn ni mo wí, n kò pa òwe. Sẹ́ẹ̀lì kò sì lẹ́sẹ̀, kò léegun. Ńṣe ló ń kọ́ ẹsẹ̀ fún ara rẹ̀. Bó bá ti sún síwájú, á tú èyí tó wà lẹ́yìn palẹ̀, á fi èlò rẹ̀ kọ́ òmíràn níwájú. Odi Kétu tí àwọn baba wa mọ, ibi tí wọ́n mọ ọ́n sí ló dúró sí. Odi ti sẹ́ẹ̀lì ń rìn ni.

Ákítìnì ni wọ́n ń pe èlò náà, irú purotéìnì kan ni. Onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, Brunó Straub, ló yọ ọ́ sọ́tọ̀ láti inú iṣan ehoro ní ìlú Szeged, ní Hungary, ní 1942. Wóróworó ló wà nínú omi sẹ́ẹ̀lì bí ìlẹ̀kẹ̀ tí a kò tíì sín. Bí sẹ́ẹ̀lì bá fẹ́ rìn, ìlẹ̀kẹ̀ wọ̀nyí á so kọ́ra, ìlà méjì á lọ́ mọ́ra wọn bí okùn. Bí a bá to 100,000 irú okùn bẹ́ẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, wọn kò ní fẹ̀ tó mílímítà kan. Orí okùn kan ń yára gùn, èkejì ń lọ́ra, èyí tó yára ló sì ń kọjú sí awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó bo sẹ́ẹ̀lì. Àkójọ purotéìnì kan tó ń jẹ́ Arp2/3 á jẹ́ kí ẹ̀ka yọ lára okùn, ní ìwọ̀n dígírì 70, ẹ̀ka lórí ẹ̀ka, títí iwájú sẹ́ẹ̀lì á fi nà jáde pẹlẹbẹ bí etí abetí-ajá. Níbòmíràn, okùn tó nà gbọọrọ ni purotéìnì mìíràn tó ń jẹ́ fascin ń dì pọ̀ bí ẹní di ìgbálẹ̀, èyí á sì di ìka tẹ́ẹ́rẹ́ tí sẹ́ẹ̀lì fi ń táràrà wá ọ̀nà.

Báwo ni okùn tín-ín-rín bẹ́ẹ̀ ṣe ń ti nǹkan? Ibẹ̀ ló wú mi lórí jù. Ooru kì í jẹ́ kí awọ sẹ́ẹ̀lì dúró jẹ́ẹ́. Gbígbọ̀n ló ń gbọ̀n. Bó bá ti gbọ̀n síwájú, àlàfo ṣí, ìlẹ̀kẹ̀ kan á yọ́ wọlé, á jókòó sórí okùn, awọ kò sì ní lè padà síbi tó wà mọ́. Ẹ ti rí ọmọ ọkọ̀ tó gbé kùkùté igi tẹ̀lé ọkọ̀ akẹ́rù tó ń gun òkè nínú ẹrẹ̀: bí ọkọ̀ bá ti sún díẹ̀, á fi igi dá táyà lẹ́yìn. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni. Ìlẹ̀kẹ̀ kan kì í fi kún okùn ju nànómítà 2.7 lọ (mílíọ̀nù kan nànómítà ló wà nínú mílímítà kan). Ní 1993 ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì mẹ́ta, Peskin, Odell àti Oster, fi ìṣirò ṣàlàyé rẹ̀.

Irú àwọn òṣìṣẹ́ báyìí ni à ń da àlíkọ́ọ̀lù lé lórí láràárọ̀. Àlíkọ́ọ̀lù kò mọ kòkòrò àrùn yàtọ̀ sí sẹ́ẹ̀lì tó ń wo wá sàn. Bí ojú egbò bá sì gbẹ ganrangan, abẹ́ èépá ni sẹ́ẹ̀lì á máa wá ọ̀nà gbà. Ní 1962, olùwádìí kan tó ń jẹ́ George Winter fi ọ̀rá náílọ́ọ̀nù bo egbò lára ẹlẹ́dẹ̀, ó sì rí i pé awọ tuntun bo èyí tó wà nínú ọ̀rinrin ní nǹkan bí ìlọ́po méjì kíá ju èyí tí afẹ́fẹ́ gbẹ lọ.

Páìpù èéfín sẹ́mìjàn, alùpùpù akérò, ló jó ọmọ ọmọ mi lẹ́sẹ̀ nígbà tó ń sọ̀ kalẹ̀ lẹ́nu ọjà. Olóògùn kan ní kí ìyá rẹ̀ máa da àlíkọ́ọ̀lù sí i. Ọ̀sẹ̀ méjì, ọmọ ń ké ní gbogbo àárọ̀, egbò kò sún kúrò níbi tó wà. Nígbà tí wọ́n gbé e wá, omi tí a sè tó tutù ni mo fi ṣàn án, mo fi Vaseline tinrin sí i, mo fi aṣọ ìdigbò tó mọ́ bò ó. Kò pẹ́ tí mo fi rí awọ tuntun létí rẹ̀, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí èèpo àlùbọ́sà, tó ń wọlé bọ̀ wá sí àárín. Mo pe ìyá rẹ̀ kó wá wò ó.

N kò ní kí a má fọ egbò. Ẹ fi omi tó mọ́ àti ọṣẹ fọ̀ ọ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kí ẹ sì gba abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì. Egbò tó ń rùn, tó ń ṣọyún, tàbí tó wà lẹ́sẹ̀ alátọ̀gbẹ, ọ̀dọ̀ dókítà ni kí a gbé e lọ kíákíá.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tẹ àtúnṣe náà sí ojú ìwé kan náà, ní lẹ́tà gàdàgbà. Àwọn tó ń ka ìwé ìròyìn yín sókè fún àwọn ìyá tí kò mọ̀wé pọ̀ lọ́jà wa níbí.

Èmi ni tiyín,
Ìyá Nọ́ọ̀sì, Kétu