Àkànní, má gba ọ̀nà òru nítorí bàálù tí wọ́n fagi lé

Òkè-Àdó, Ìbàdàn

Àkànní ọmọ mi,

Ara mi le, ẹ̀rọ omi ti tún bàjẹ́, àbúrò rẹ sì ti padà sí ilé ẹ̀kọ́. Kì í ṣe ìyẹn ni mo torí rẹ̀ kọ̀wé.

Ìyàwó alàgbà wa sọ fún mi lẹ́yìn ìsìn pé ọmọ òun rí ọ ní gárééjì ní Àbújá, ní alẹ́ tó ṣáájú ìrántí bàbá rẹ, tí o ń wọ ọkọ̀ òru. Mo kọ́kọ́ jiyàn, nítorí ìwọ fúnra rẹ sọ pé bàálù ìdájí lo wọ̀. Ṣùgbọ́n mo rántí eruku tó bo bàtà rẹ, mo sì rántí pé láti ìgbà tí o ti padà, o kì í gbé ìpè mi. Ṣé òótọ́ ni pé wọ́n fagi lé bàálù rẹ, tí o wá gba ọ̀nà Lọ́kọ́jà lóru? Ọ̀nà tí wọ́n ti ń jí ènìyàn gbé! Ṣé orí rẹ pé?

Mo bi ọmọbìnrin aládùúgbò wa tó ń ṣiṣẹ́ ní pápákọ̀ òfurufú Ìkẹjà léèrè. Ó ní òfin NCAA, àjọ tó ń bójú tó ọkọ̀ òfurufú nílẹ̀ wa, fi dandan lé e pé bí wọ́n bá fagi lé bàálù, kí wọ́n dá owó èrò padà tàbí kí wọ́n fi bàálù mìíràn gbé e, èyí tí èrò bá fẹ́. Bí ìdádúró bá sì wọ agogo 10 alẹ́ sí 4 ìdájí, kí wọ́n fún un ní òtẹ́ẹ̀lì àti ọkọ̀ tí yóò gbé e débẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ọyẹ́ ni kò jẹ́ kí awakọ̀ ríran, wọn kò ní san owó gbà-má-bínú, ṣùgbọ́n owó tíkẹ́ẹ̀tì kò ní wọmi. Nítorí náà, má kúrò ní ìdí kọ́ńtà kí wọ́n tó kọ ọ́ sílẹ̀ fún ọ pé àwọn ni wọ́n fagi lé e. Ìwọ tó máa ń pariwo lórí ṣẹ́ńjì ní Dùgbẹ̀, kí ló dé tí ẹnu rẹ kú níwájú àwọn tó wọ táì?

Má sì ra tíkẹ́ẹ̀tì ìrọ̀lẹ́ mọ́. Ìdádúró àárọ̀ a máa ran ti ọ̀sán títí yóò fi kan ti ìrọ̀lẹ́, àwọn pápákọ̀ kan nílẹ̀ wa kì í sì í gba bàálù lẹ́yìn tí oòrùn bá wọ̀. Bí ti àárọ̀ bá pẹ́, ojúmọ́ ṣì wà níwájú rẹ. Bí ti ìrọ̀lẹ́ bá bọ́, òru ló kù. Òru yẹn ni mo ń bẹ̀rù, Àkànní.

Níbi tí mo ti ń wá ọ̀rọ̀ tí n ó fi bá ọ wí ni mo ti rántí ohun tí mo sọ lórí fóònù lọ́jọ́ náà, pé bí àkọ́bí kò bá sí níbi ìrántí bàbá rẹ̀, kí ni n ó wí fún àwọn mọ̀lẹ́bí Kúdẹtì. O ti ń sọ pé bàálù ń pẹ́, n kò jẹ́ kí o sọ ọ́ tán. Bàbá rẹ ì bá ní kí o sùn síbẹ̀. Èmi ni mo tì ọ́ sójú ọ̀nà.

Síbẹ̀, irọ́ tí o pa kò dùn mọ́ mi. Ìpàdé mọ̀lẹ́bí ń bọ̀ lẹ́yìn Àjíǹde. Wọ bàálù òwúrọ̀ ọjọ́ tó ṣáájú, kí o sì ní owó ibi tí o lè sùn lọ́wọ́. Bí wọ́n bá fagi lé e, pè mí, n ó sì sọ fún àwọn mọ̀lẹ́bí pé bàálù kò gbéra. Mo ń retí ìpè rẹ lọ́jọ́ Àìkú. Ohùn rẹ ni mo fẹ́ gbọ́, má fi ọ̀rọ̀ kíkọ dá mi lóhùn.

Èmi ni, màmá rẹ