Lẹ́tà sí Màmá Kàdúná

Màmá mi,

Wọ́n ní kí n wá jẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Àìkú tó ń bọ̀. Bàbá àwọn ọmọ ti ń rìn. Ọ̀pá ló fi ń rìn, ọwọ́ òsì ò sì tíì gbọ́ràn tán, ṣùgbọ́n ẹni tí rọpárọsẹ̀ dá dùbúlẹ̀ fún oṣù méje ti fẹsẹ̀ ara rẹ̀ dé ẹnu géètì wa ní Kubwa, l'Ábújá níbí. Ẹ̀yin ni mo kọ́kọ́ fẹ́ pè. Mo ti mú fóònù kí n tó rántí pé ó ti lé lọ́dún kan tí a sin yín.

Mo jókòó kí n kọ ohun tí n óò sọ sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ yín ló jáde: "Yóò fi ìyẹ́ rẹ̀ bò ọ́." Sáàmù 91. Ọwọ́ mi dúró síbẹ̀.

Ẹ̀rí tí ẹ jẹ́ ní Sabon Tasha nìyẹn, lẹ́yìn wàhálà ṣàríà ní Kàdúná lọ́dún 2000. Ọjọ́ Ajé, 21 oṣù Kejì ló bẹ̀rẹ̀. Kó tó rọlẹ̀, ẹ̀mí tó lọ sí i lé ní 1,000. Aṣọ funfun lẹ wọ̀. Ẹ ní iná jó ṣọ́ọ̀bù yín ní Tudun Wada, kò jó wa. Gbogbo ìjọ ń ké halelúyà. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí, mo jókòó níwájú, mo ń retí kí ẹ dárúkọ Hàjíà.

Ẹ ò dárúkọ rẹ̀.

Màmá, abẹ́ ibùsùn Hàjíà la sùn sí fún òru méjì. Nígbà tí àwọn ọmọkùnrin yẹn dé, òun ló jókòó dí ẹnu ọ̀nà, tó ń fi Haúsá sọ fún wọn pé àwọn ọmọ òun nìkan ló wà nínú ilé. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀, kò gbọ̀n. Ó bu tuwo nínú òkùnkùn, ó fọwọ́ fi sí mi lẹ́nu. Híjáàbù tirẹ̀ ni mo dà borí títí a fi dé bárékè. Òórùn tùràrí àti èéfín igi tó wà lára rẹ̀ kò tíì kúrò nímú mi.

Mo bi yín lálẹ́ ọjọ́ ẹ̀rí yẹn. Ẹ ní, "Ọlọ́run ló ṣe é. Má gbé ògo rẹ̀ fún èèyàn." Mo dákẹ́. Ẹ ò padà lọ kí i, ẹ ò ránṣẹ́ sí i, títí tí ẹ fi lọ. Odò Kàdúná nìkan ló wà láàárín yín, Màmá. Afárá sì wà lórí rẹ̀.

Bóyá ẹ̀rù ló bà yín. Láàárín àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sin òkú, ta ló fẹ́ gbọ́ rere nípa Mùsùlùmí? Mo mọ̀ ọ́n. Síbẹ̀ ó ń dùn mí, nítorí ẹ̀yin náà lẹ kọ́ mi ní ìgbàgbọ́ tí mo fi dúró. Yàrá kan ṣoṣo, àkàrà létí títì, àdúrà aago márùn-ún ìdájí lórí ẹní. Ẹ á gbé omi kaná, kò ní sí ohun tí a máa dà sí i, ẹ á ní kí n dúpẹ́. Inú máa ń bí mi. Lọ́dún yìí, mo ṣe é níṣojú àwọn ọmọ mi.

Ibi iṣẹ́ ọkọ mi dá owó oṣù rẹ̀ dúró. Láti ìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ epo lọ́dún 2023, ọkọ̀ Kubwa sí Wuse ló ń jẹ tèmi. Onílé ń retí owó rẹ̀ ìparí oṣù yìí. Òru kan wà tí mo sọ fún Ọlọ́run pé mi ò bá a sọ̀rọ̀ mọ́. Ilẹ̀ mọ́, mẹ́ruwà wa, ẹni tó ń gbé omi wá tà, kanlẹ̀kùn.

Ọmọ Kàtsínà ni. Oṣù mẹ́ta ló fi já omi fún wa láìgba kọ́bọ̀, kẹ́ẹ̀gì lórí kẹ́ẹ̀gì, nítorí aṣọ aláìsàn. Òun ló ń bá mi gbé ọkọ mi dé bálùwẹ̀. Á ní, "Allah ya ba shi lafiya," kí Ọlọ́run fún un ní ìlera. Èmi á ní àmín. Ibẹ̀ ni àdúrà mi ti tún bẹ̀rẹ̀.

N óò dárúkọ rẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú, bí ó bá wù wọ́n kí wọ́n fojú burúkú wò mí. Ti ìyá yẹn náà ni mo fẹ́ dá mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n Hàjíà lásán ni mo mọ̀. Ẹ̀yin lẹ mọ orúkọ tí wọ́n sọ ọ́, Màmá, ẹ sì ti gbé e lọ.

Ọmọ yín,
Kubwa.