Orúkọ ta ló wà nídìí òkúta yẹn?

Ẹ̀yin ọmọ wa tẹ́ ẹ wà ní Harare níbí, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fi òkúta gbẹ́ ère àtẹ̀yin tẹ́ ẹ kàn ń bá wọn tà á lórí WhatsApp, mo kí yín o. Ẹ ti gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ọmọ wa kan gbẹ́ òkúta, iṣẹ́ tó dáa ni, ló bá gbẹ́ orúkọ ọ̀gá ẹ̀ sídìí ẹ̀ kówó lè pọ̀, òyìnbó tó rà á wá gbé e lọ bá ọ̀gá náà pé káwọn jọ ya fọ́tò. Bí àṣírí ṣe tú nìyẹn. Ní báyìí kò sẹ́ni tó ń ra nǹkan lọ́wọ́ ẹ̀ mọ́, kódà èyí tó forúkọ ara ẹ̀ sí.

Wọ́n ní gbogbo èèyàn ló ń ṣe é. Gbogbo èèyàn wo?

Mo dé Tengenenge, abúlé àwọn tó ń gbẹ́ òkúta ní Zimbabwe níbí, nígbà tírun orí mi ṣì dúdú. Oko tábà ni tẹ́lẹ̀, ìgbà tí wọ́n fòfin de ọjà Rhodesia, bí wọ́n ṣe ń pe Zimbabwe nígbà yẹn, tí tábà ò rọrùn tà mọ́, Tom Blomefield tó ni oko ní káwọn òṣìṣẹ́ ẹ̀ máa gbẹ́ òkúta, 1966 nìyẹn, ọmọ Malawi wà níbẹ̀, ọmọ Angola, ọmọ Mozambique. Ìta gbangba lábẹ́ igi ni wọ́n to iṣẹ́ sí, kò sẹ́ni tó ń yídìí òkúta wò kó tó mọ ẹni tó ni ín. Ère ti Bernard Matemera gbẹ́, wàá rí ìka mẹ́ta lọ́wọ́ ẹ̀. Ti Henry Munyaradzi, ojú ẹ̀ á tẹ́ pẹrẹsẹ. Wọ́n á finá yá òkúta, wọ́n á fi ìda pa á, á wá dúdú, á máa dán, ojú mi ò kúrò níbẹ̀! Joram Mariga tó ń kọ́ àwọn àgbẹ̀ níṣẹ́ ìjọba ní Nyanga ló kọ́ John Takawira ní òkúta gbígbẹ́, síbẹ̀ iṣẹ́ John, ti John ni. Ọwọ́ tìẹ dà?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ ti ebi fún mi. Mo mọ̀ pọ́jà ò yá, mo mọ iye tí wọ́n ń gbà láti fọkọ̀ kó springstone, òkúta dúdú líle tá a ń gbẹ́, wá. Ṣé ebi ló ní kó o gbẹ́ orúkọ onórúkọ?

Ẹ máa bo imú tẹ́ ẹ bá ń lo grinder, ẹ̀rọ tẹ́ ẹ fi ń gé òkúta, eruku yẹn ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Ẹ má jẹ owó àsansílẹ̀ tán kẹ́ ẹ tó ra òkúta. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń tà á lórí fóònù, orúkọ ẹni tó gbẹ́ ẹ gan-an ni kẹ́ ẹ kọ sí rìsíìtì, kì í ṣe èyí tó máa mówó wá.

Ẹni tó bá ti ta irú ẹ̀, kó pe oníbàárà ẹ̀ lónìí, kó dá owó ẹ̀ padà. Tówó ò bá pé, kó wá bá mi nílé, a ó jọ wá a.