Ìwé Ẹ̀bẹ̀ Lórí Ààrò Wa Tí Wọ́n Fọ́ àti Ìwádìí Tí A Kò Rí Èsì Rẹ̀

Sí: Alága Ìjọba Ìbílẹ̀ wa
Láti ọ̀dọ̀: Ẹgbẹ́ àwa ẹlẹ́ja yíyan etí ọ̀sà, Èkó

Alága wa ọ̀wọ́n,

A kí yín, a kí ìyàwó ilé àti gbogbo ìgbìmọ̀ yín. Ẹ kú iṣẹ́ ìlú, Olúwa yóò máa ràn yín lọ́wọ́. Ẹ mọ̀ wá dáadáa. Kò sí òde àríyá kan ní Èkó yìí tí ẹja wa kò sí nínú ọbẹ̀ rẹ̀, nígbà ìbò tó kọjá sì rèé, aṣọ ẹgbẹ́ wa ló pọ̀ jù níbi ìpolongo yín.

Ọjọ́ Ajé tó kọjá, tí oníṣòwò ń retí oore, ni àwọn òṣìṣẹ́ yín mú. Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tán tí wọ́n fi gbé òòlù dé. Wọ́n fọ́ ààrò, wọ́n kó ẹja tó wà lórí àwọ̀n irin dà sínú ọkọ̀ akólẹ̀, wọ́n sì ti ìsọ̀ wa pa. Ọ̀kan nínú wọn fi bàtà ta apẹ̀rẹ̀ ṣáwá dànù níwájú ìyá tó lè bí i lọ́mọ. Ìyá kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́, òṣìṣẹ́ náà ní kó lọ ka ìwé tí àwọn lẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn. Ohun tó wà níbẹ̀ kò ju pé ìwádìí ti fi hàn pé ẹja ibí yìí ní èròjà tó ń fa jẹjẹrẹ. Kò sí orúkọ èròjà, kò sí iye tí wọ́n bá nínú rẹ̀. Kí ó tó di ọ̀sán, rédíò ti gbé e káàkiri.

Alága, àwa fúnra wa la gba àwọn olùwádìí yẹn láyè. Wọ́n wá láti yunifásítì, a fún wọn ní ẹja láìgba kọ́bọ̀. A mú ọ̀rá wá kí wọ́n fi dì í, wọ́n ní rárá, pé ọ̀rá lè ba àyẹ̀wò jẹ́. Bébà fàdákà ni wọ́n fi wé e lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ṣèlérí pé àwa la máa kọ́kọ́ gbọ́ èsì. Títí dòní, a kò rí i.

A kò pe ẹnikẹ́ni ní onírọ́. Ọmọ ọ̀kan nínú wa tó kẹ́kọ̀ọ́ kẹ́mísírì ti là á yé wa pé bí òróró ẹja bá ń kán sórí ẹyin iná, èéfín tó ń rú padà máa ń gbé àwọn èròjà tí wọ́n ń pè ní PAH sára ẹja. Ọ̀kan nínú wọn, benzo[a]pyrene, wà lára ohun tí ẹ̀ka ìwádìí jẹjẹrẹ Àjọ Ìlera Àgbáyé ní ó dájú pé ó ń fa àrùn náà. Ní Yúróòpù, láti 2014, máíkírógíráàmù 2 rẹ̀ nínú kílò kan ni gbèdéke fún ọ̀pọ̀ ẹja yíyan. Àwa la sì ń fa èéfín yìí símú ṣáájú ẹni tó ń jẹ ẹja, àwa àti ọmọ tó wà lẹ́yìn wa. Ta ló wá yẹ kó kọ́kọ́ gbọ́?

Èyí tó dùn wá jù ni pé létí omi kan náà, àwọn kan ń sun wáyà iná àti táyà kí wọ́n lè yọ kọ́pà. Nírọ̀lẹ́, èéfín dúdú náà ń balẹ̀ sórí ìsọ̀ wa, aṣọ tí a bá sá kì í ṣeé wọ̀. Ike tó bo wáyà wọ̀nyẹn, bó bá jó, àwọn èròjà olóró tí wọ́n ń pè ní dioxin àti furan ló ń mú jáde. Méjèèjì wà lára èròjà 12 àkọ́kọ́ inú àdéhùn Stockholm ti 2001, èyí tí àwọn orílẹ̀-èdè fi ń gbógun ti irú èròjà olóró bẹ́ẹ̀, tí Nàìjíríà fòǹtẹ̀ lù ní 2004. Wọn kì í tètè jẹrà. Wọ́n ń rì sínú ẹrẹ̀, wọ́n ń bọ́ sínú ọ̀rá ẹja, wọ́n sì ń dé inú wàrà ọmú ìyá. Ẹja lè ti gbé májèlé kó tó dé orí ààrò wa! Síbẹ̀ òòlù kò dé ọ̀hún, olùwádìí kankan kò bu ẹrẹ̀ níbẹ̀. Alága, a kì í bá ara ẹni tan ká fani nítan ya.

A bẹ̀ yín, ẹ ṣí ìsọ̀ wa. Ẹ pàṣẹ kí wọ́n fún wa ní èsì náà lẹ́kùn-ún-rẹ́rẹ́, kí wọ́n kà á fún wa ní Yorùbá, kí ìwádìí sì dé ibi tí wọ́n ti ń sun wáyà. A gbọ́ pé FAO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí oúnjẹ àti iṣẹ́ àgbẹ̀, àti àwọn ará Senegal jọ ṣe ààrò kan, FTT-Thiaroye, tó ní àwo tó ń gba òróró kó má bàa kán síná, tí PAH sì ń dínkù gan-an. Bí ẹ bá bá wa rí irú rẹ̀, a ó máa fi owó àjọ wa san án díẹ̀díẹ̀. Ẹja tí wọ́n dà nù, àwìn la fi rà á nílé yìnyín. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ wo ọ̀rọ̀ yẹn náà.

Ti ilé ìyàgbẹ́ tó kún àti ọ̀nà tó bàjẹ́, a kò ní fi dà yín láàmú lónìí.

Àwọn ọ̀dọ́ inú wa fẹ́ wọ aṣọ dúdú wá sí ọ́fíìsì yín, àwa àgbà la ní kí wọ́n ṣe sùúrù. Ẹlẹ́ja àwọn ọjà mìíràn ti ránṣẹ́ pé bí tiwa bá ṣì wà ní títì, àwọn náà á ti tiwọn. Ní ti owó tíkẹ́ẹ̀tì, ẹni tí wọ́n ti ìsọ̀ rẹ̀ kò mọ ibi tí yóò ti rí i san. Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ la ó ṣèpàdé, a sì fẹ́ ní èsì yín lọ́wọ́ láti kà fún wọn.

Àwa ìyá yín, tí a tún jẹ́ ará ìlú yín,

Ìyá Ẹgbẹ́, Akápò àti Akọ̀wé
Lórúkọ gbogbo ẹlẹ́ja yíyan etí ọ̀sà